Eré àti Ọmọ Ogúnléndé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí ẹ bá ń gbé ní Ailegun tàbí ní àdúgbò mìíràn ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀, ẹ mọ bí àwọn ọmọdé ṣe ń sọ ojú títì di pápá bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè: ọmọ tí ogun lé kúrò nílé bàbá rẹ̀ ńkọ́, ǹjẹ́ eré kan òun náà? Àwọn àgbà ní ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò dáhùn pé oúnjẹ ni ó kàn án, kì í ṣe eré.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1989 ni ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Làìbéríà. Ní ọdún 1990, àwọn ogúnléndé láti ibẹ̀ dé ilẹ̀ wa, a sì fún wọn ní ibùdó ní Òrù, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Àwọn tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Sàró náà wá bá wọn níbẹ̀ lẹ́yìn náà.

Ẹ wo irú ayé tí ọmọ ogúnléndé ń gbé. Àwọn àgbà ni wọ́n dá ogun sílẹ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n yan ibi tí yóò sùn. Oúnjẹ tí a wọ̀n fún un ni yóò jẹ. Aṣọ tí a ta á lọ́rẹ ni yóò wọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ti di ọwọ́ gbígbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pè é sídìí ọpọ́n ayò, òun fúnra rẹ̀ ni yóò yan ilé tí yóò ti kó ọmọ ayò. Ó lè di ọ̀ta, kí ẹ̀yin di ọ̀pẹ. Oúnjẹ sọ ọ́ di ẹni tí à ń ṣàánú; eré sọ ọ́ di ẹgbẹ́ yín.

N kò sọ pé eré lè rọ́pò oúnjẹ tàbí ilé ẹ̀kọ́. Ayò kì í yó ni, bọ́ọ̀lù kì í sì í wo ibà sàn. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá ọdún 1989, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé. Abala 31 rẹ̀ sọ pé ìsinmi àti eré jẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọdé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ilẹ̀ Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2003 sọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí èyí tí ó yọ ọmọ ogúnléndé sílẹ̀ nínú wọn.

Nítorí náà, bí ọmọ tí ogun lé kúrò ní Bọ̀nú tàbí ní ilẹ̀ òkèèrè bá dé àdúgbò yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá dúró lẹ́bàá ògiri kí ó máa wò yín. Ẹ pè é. Bí kò bá tí ì fẹ́, ẹ fi í sílẹ̀, kí ẹ sì tún pè é lọ́la. Bí ó bá sì wọlé, ẹ má ṣe mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ó borí yín nítorí àánú. Ẹ bá a ta ayò bí ọ̀rẹ́ ti ń bá ọ̀rẹ́ ta á. Ká rìn, ká pọ̀, yíyẹ ní í yẹ ni.