Máàpù Kò Lè Kan Ilẹ̀kùn



Bí ẹ ti ń ṣírò sàká nínú oṣù Ràmàdáánì yìí, tí ẹ sì ń ya sààrà sọ́tọ̀, ìbéèrè kan wà tó yẹ kí á bi ara wa: báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tó jẹ́ aláìní láìtú àṣírí rẹ̀?

Ilẹ̀ Ireland ní ọ̀nà kan. Máàpù kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Pobal HP Deprivation Index. H àti P dúró fún Haase àti Pratschke, àwọn onímọ̀ méjì tó gbé ìṣirò rẹ̀ kalẹ̀. Èyí tó jáde ní 2023 dá lórí ètò ìkànìyàn ti April 3, 2022, nígbà tí àwọn ará Swords ti lé ní 40,000. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè náà sí àdúgbò kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ilé 100. Wọ́n wo ìwé tí àwọn ènìyàn kà, irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, àwọn tí kò ríṣẹ́, àwọn òbí tó ń dá ọmọ tọ́, àti bí ènìyàn ṣe pọ̀ tó nínú yàrá. 0 ni ìwọ̀n àárín. Àdúgbò tó bá wà lókè rẹ̀ rọ́wọ́ mú. Èyí tó wà nísàlẹ̀, nǹkan kò rọgbọ fún un.

Ẹ má fojú kékeré wo irú ìmọ̀ yìí. Ẹni tí a mọ̀ ni a sábà máa ń fún: ẹni tí a jọ ń kírun, ẹbí tó ń pè wá láti Ìlọrin tàbí Ìwó. Máàpù kì í ṣe ojúsàájú bẹ́ẹ̀. Ó tún ní ìwà ọmọlúwàbí kan: ó ń sọ bí nǹkan ṣe rí fún ilé 100 láìdárúkọ ẹnì kankan. Ọlọ́hun sì ti kọ̀ fún wa nínú Suratul-Hujurat, áyà 12, láti máa tọ pinpin ara wa.

Ṣùgbọ́n aṣọ tó fi bo ènìyàn yẹn náà ni kò jẹ́ kó rí i. Ètò ìkànìyàn Ireland kì í béèrè iye tí ènìyàn ń gbà lóṣù. Ẹ wo ẹni tó gboyè ní yunifásítì nílé, tó ń ṣiṣẹ́ òru níhìn-ín, tó ń san owó ilé, tó tún ń fi owó iléèwé àwọn àbúrò ránṣẹ́. Nínú ìṣirò náà, ṣe ni ìwé tó kà ń gbé àdúgbò rẹ̀ ga. Bẹ́ẹ̀, ó lè jẹ́ omi àti búrẹ́dì nìkan ló fi ṣínu.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Suratul-Baqarah, áyà 273, mú wa rántí: aláìní tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò rò pé ó ní, nítorí pé ó kó ara rẹ̀ níjàánu, kì í tọrọ. Àmì tó wà lára rẹ̀ ni a fi ń dá a mọ̀. Àmì yẹn kò sí lórí máàpù. Ẹni tó bá sún mọ́ ọn ló ń rí i.

A máa ń ṣàdúà pé kí Ọlọ́hun bo àṣírí wa. Ẹni tó fẹ́ bo àṣírí ọmọnìkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tó ṣí sílẹ̀. Ṣé kì í wá ṣe pé a ń tọ pinpin nìyẹn? Rárá. Ohun tí yóò rí sọ ni atọpinpin ń wá. Ohun tí yóò rí ṣe ni aládùúgbò rere ń wá.

Nítorí náà, ẹ wo máàpù àdúgbò yín, ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé oúnjẹ ìṣínu lọ sí ilé ọ̀tún àti ilé òsì, yálà Mùsùlùmí ni wọ́n tàbí wọn kì í ṣe Mùsùlùmí. Ẹ má bi wọ́n ní ohun tí wọn kò ní. Ẹ kí wọn, kí ẹ jókòó díẹ̀. Bí ẹ bá rí àmì, ẹ fún wọn ní kọ̀rọ̀. Sàká ìtúnu gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ aláìní kí á tó kírun ọdún, a kò sì lè fi àárọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo mọ ẹni tó ń fi ẹ̀rín bo ebi. Òní ló yẹ kí á bẹ̀rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun gba ààwẹ̀ wa, kí Ó sì bo àṣírí gbogbo wa. Àmín.