Àlejò àti Ìtàn Onílé

Ìbéèrè kan wà tí n kò rí ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ ọmọ: bí onílé bá ń sọ ìtàn tí àlejò mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí àlejò sọ̀rọ̀ ni, tàbí kí ó dákẹ́?

Ní Ìyànà Ìpájà tí a ń gbé, ọkọ̀, ọjà àti afárá ni ojú ń rí lójoojúmọ́. Nítorí náà ni mo ṣe kó àwọn ọmọ kíláàsì mi, lọ́kùnrin lóbìnrin, wọ ọkọ̀ ní ìdájí ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, tí a gba Ṣàgámù lọ sí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ orúkọ Àpáta Olúmọ. Kò sí ọ̀kan tí ó gbọ́ nípa Erédò Sùǹgbọ́ rí.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹni tí kò bá tíì dúró ní ìsàlẹ̀ yàrà náà kò tíì mọ bí ó ti rí. Gígùn rẹ̀ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká ju 160 kìlómítà lọ. Níbòmíràn, láti ìsàlẹ̀ kòtò dé ṣóńṣó òkìtì erùpẹ̀ tí ó wà létí rẹ̀ tó 20 mítà. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbẹ́ gbogbo rẹ̀ nínú ilẹ̀ pupa. Ewéko tútù ti bo ara rẹ̀, igi ńlá sì ṣíji bò ó, tí ó fi ṣókùnkùn díẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ń pariwo láti òwúrọ̀ dákẹ́ níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà a lọ sí Òkè-Èrì, níbi ibojì Bilikísù Sùǹgbọ́. Wọ́n ní opó ọlọ́rọ̀ ni, kò bímọ, ó sì mú kí a gbẹ́ yàrà náà kí orúkọ rẹ̀ má baà parun. Mùsùlùmí ń lọ gbàdúrà níbẹ̀, Kristẹni náà ń lọ. Obìnrin kò gbọdọ̀ wọlé. Àwọn ọmọbìnrin wa dúró lóde, bẹ́ẹ̀ ibojì obìnrin ni o! Bàbá àgbà tí ó ń mú wa káàkiri wá sọ pé òun gan-an ni ayaba Ṣébà tí ó lọ bẹ Sólómónì wò.

Mo mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Sólómónì ti jọba ní nǹkan bí 3,000 ọdún sẹ́yìn. Yàrà tí Patrick Darling wọ̀n, tí ayé fi gbọ́ òkìkí rẹ̀ ní 1999, kò dàgbà ju nǹkan bí 1,200 ọdún lọ lójú àwọn awalẹ̀pìtàn. Ṣùgbọ́n mo dákẹ́.

Ìdákẹ́ náà ń dà mí láàmú. Bí a bá fi iṣẹ́ náà fún àlejò Sólómónì, ògo wo ni ó kù fún àwọn baba wa tí wọ́n ru erùpẹ̀ náà lórí? Síbẹ̀, ta ni ì bá tọ́jú ibojì yẹn títí di òní bí kò bá sí ìtàn yìí? Ìwé awalẹ̀pìtàn kọ́ ni ó gbá àgbàlá rẹ̀.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n dúró lóde bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́, Tísà, ṣé òótọ́ ni ohun tí bàbá náà sọ?” Mo ka iye ọdún náà fún un. Ó ní, “Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wọn?” Mo ní ọ̀wọ̀ àgbà ni. Ó ronú títí a fi kọjá Ṣàgámù, ó ní, “Tísà, ṣé ọ̀wọ̀ kò ní jẹ́ kí á bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ṣe mọ̀ ni?”

Ní ìsinmi tí ń bọ̀, a ó padà lọ bi bàbá náà.