Iyọ̀ Afùwàpẹ́ àti Ìwé Ọmọ Ìbílẹ̀

Nínú Ogbègúndá, odù Ifá kan, ọ̀rẹ́ mẹ́ta ń ti ọ̀run bọ̀ wáyé, wọ́n sì fẹ́ yan orí nílé Àjàlá tó ń fi amọ̀ mọ orí: Oríṣeékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Kò sí ọmọ ẹni yẹpẹrẹ nínú wọn. Àwọn méjì lọ tààrà, wọ́n gbé orí tó dán lójú láìmọ̀ pé amọ̀ rẹ̀ kò jinná. Òjò pa wọ́n lọ́nà, orí bá ń yìnrìn. Afùwàpẹ́ yà sílé bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, ó rúbọ, wọ́n sì ní kó mú iyọ̀ àti owó dání. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó bu iyọ̀ sí i. Oníbodè tọ́ ọ wò, ẹnu yà á, òun fúnra rẹ̀ ló mú un dé ilé Àjàlá. Àjàlá ti sá fún olówó rẹ̀, ó wà lókè àjà. (Ìjẹ̀ṣà yóò mọ irú olówó bẹ́ẹ̀: òṣómàáló tó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí wọn ó fi san owó rẹ̀.) Afùwàpẹ́ san gbèsè náà, Àjàlá sọ̀kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin kan orí kọ̀ọ̀kan wò, ó sì yan èyí tó le fún un.

Àwọn tó ń túmọ̀ ìtàn yìí sábà máa ń dúró sórí pé orí ló ni ohun gbogbo. Ibòmíràn ni èmi ń wò. Báwo ni jíjẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà ṣe ran Afùwàpẹ́ lọ́wọ́ tó? Kò dárúkọ bàbá fún oníbodè, Àjàlá kò sì ya orí kankan sọ́tọ̀ fún ọmọ awo. Ohun tó ti ilé bàbá wá ni ìmọ̀ràn àti iyọ̀. Orúkọ Ògún àti ti Ìja náà tóbi, òjò kò sì mọ̀ wọ́n. Ogún méjì nìyí, a kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan pe èkejì: iyọ̀ tí ọmọ gbé dání, àti orúkọ tó ń ṣílẹ̀kùn fún un.

Ní Amẹ́ríkà, orúkọ yìí ni àríyànjiyàn ìgbaniwọlé sí yunifásítì dá lé: kí wọ́n máa ṣojúure sí ọmọ tí òbí rẹ̀ jáde níbẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó jáde nígbà ẹjọ́ tí wọ́n pe Yunifásítì Harvard lórí ìgbaniwọlé fi hàn pé bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọ tí òbí wọn jáde níbẹ̀ ni wọ́n gbà wọlé, tí ti àwọn yòókù kò sì ju bíi 6 nínú 100 lọ. Ẹnìkan lè sọ pé iyọ̀ ló fà á: ilé tó kàwé ni wọ́n ti wá. Apá kan nínú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìwádìí tí Raj Chetty àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2023 rí i pé bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá gbé ìwé rẹ̀ lọ sí yunifásítì mìíràn tó dọ́gba pẹ̀lú ti bàbá rẹ̀, àǹfààní náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Iyọ̀ kì í sì í dùn nínú ọbẹ̀ kan kó tẹ́ nínú èkejì. Orúkọ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Johns Hopkins ti pa àṣà náà tì láti 2014; California sì fi òfin dè é ní 2024, títí kan yunifásítì aládàáni.

Ká má rẹ́rìn-ín wọn jù. Nínú ìlànà ìgbaniwọlé sí yunifásítì ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà tiwa, 45 nínú 100 àyè wà fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún agbègbè tí yunifásítì wà, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ Ọ̀ṣun wà nínú agbègbè Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ Ọ̀ṣun? Ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ ló ń sọ ọ́: fọ́tò kan, òǹtẹ̀ kan, orúkọ ìlú tí bàbá ti wá. Ọmọ-ọmọ òṣómàáló tí wọ́n bí sí Kano, tí kò mọ ọ̀nà Iléṣà, ń gbà á wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ Ìgbìrà tí wọ́n bí sí oko kòkó lẹ́yìn Iléṣà, tó ń sọ Ìjẹ̀ṣà ju akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kano lọ, kò ní bàbá tí òǹtẹ̀ náà mọ̀. A kò bèèrè ibi tí bàbá ti kàwé bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Amẹ́ríkà, ibi tó ti wá là ń bèèrè, orúkọ bàbá náà sì ni.

Àtakò tó lágbára jù ni pé ìpín agbègbè wà kí apá kan má baà kó gbogbo àyè lọ, kí àwọn tí yunifásítì wà lórí ilẹ̀ wọn sì jẹ nínú rẹ̀. Mo gbà. Ìdí yẹn gan-an ló sì dá ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lẹ́bi, nítorí ọmọ-ọmọ òṣómàáló tó wà ní Kano kò jìyà àìsí olùkọ́ ìṣirò ní Iléṣà, ọmọ Ìgbìrà jẹ ẹ́. Àtakò kejì yóò ti ẹnu awo wá: Afùwàpẹ́ pàápàá, ṣebí bàbá ló fún un níyọ̀? Òun ni. Ìdí nìyẹn tí pípa orúkọ rẹ́ kò fi ní sọ gbogbo ọmọ di ọgbọọgba. Olùkọ́ yóò máa kọ́ ọmọ rẹ̀ nílé. Ṣùgbọ́n iyọ̀ ṣeé pín, àyè tí orúkọ gbà kò ṣeé pín. A kì í dífá fún ọmọ Ọ̀rúnmìlà nìkan. Àwọn ọ̀rẹ́ méjì náà ni kò yà lọ dífá. Nígbà tí Ẹgbẹ́ Àtúnlùṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dá Ilesa Grammar School sílẹ̀ ní 1934, iyọ̀ ni wọ́n gbé sẹ́nu ibodè, tí ọmọ ẹni tí kò mọ̀wé náà lè bù.

Ìlà kan ló yẹ kó yí padà nínú fọ́ọ̀mù ìgbaniwọlé. Dípò ìlú bàbá, kí wọ́n bèèrè ibi tí ọmọ ti ka ìwé mẹ́fà àti ibi tó ti jókòó ṣe WAEC. Ní Iléṣà, rẹ́jísítà ilé ẹ̀kọ́ ló ní ìdáhùn yẹn, orúkọ ọmọ Ìgbìrà náà sì wà nínú rẹ̀.