Yìgì Kò Dúró De Àríyá: Ọ̀rọ̀ Ìgbéyàwó àti Orin ní Àsìkò Àjàkálẹ̀ Àrùn

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Ọba Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun tí ó dá wa ní akọ àti abo, tí ó sì fi ìfẹ́ àti àánú sí àárín tọkọtaya. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn pẹ̀lú dáadáa títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ fetí sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí kan ẹni tí ó ń múra ìgbéyàwó lọ́wọ́, ó sì kan ẹni tí kò tíì rí àfẹ́sọ́nà. Ìbéèrè náà nìyí: bí àrùn bá gba ìlú, tí ọjọ́ ìgbéyàwó sì ti kò, kí ni ẹ̀sìn ní kí á dì mú, kí ni ó sì ní kí á fi sílẹ̀?

Gbogbo wa la rántí ọdún 2020. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún náà ni àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn Kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ 30 oṣù kẹta, kónílé-ó-gbélé ti bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá. Wọ́n ti mọ́sáláṣí pa. Àwẹ̀ Ramadan wọlé, ó jáde, kò sí àṣàmù ní mọ́sáláṣí wa. Ní Èkó, ó di oṣù kẹjọ kí ìlẹ̀kùn mọ́sáláṣí tó ṣí padà. Àní Háájì ọdún náà, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan ènìyàn tí ń gbé ní Saudi Arabia nìkan ni wọ́n gbà láàyè láti ṣe é.

Àwọn àlúfà wa gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹ̀mí ènìyàn wúwo lójú Ọlọ́hun. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun ìyanu: àwọn kan tí wọ́n fi ìrun Jímọ̀ sílẹ̀, tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn, kò lè fi àríyá sílẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀ranyàn. Òmíràn gbé ayẹyẹ lọ sí ìlú tí òfin kò ti le. Òmíràn ti géètì pa, ó ń fi òru ṣe é. Ta ni à ń sá fún? Bí ó bá jẹ́ ọlọ́pàá ni, géètì lè dí i lójú. Bí ó bá jẹ́ àrùn ni, a ti tì í mọ́lé pẹ̀lú ara wa.

Ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Ìyẹn kò wí pé àrùn ti tán láyé. Ibà Lassa ṣì ń bẹ, onígbáméjì ṣì ń bẹ, òmíràn tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ lè dé lọ́la. Ọgbọ́n tí ènìyàn bá kọ́ ní ọjọ́ ìtura ni yóò lò ní ọjọ́ ìpọ́njú.

ÈKÍNNÍ: KÍ NI Ó SỌ YÌGÌ DI YÌGÌ?

Ẹ jẹ́ kí á ya ohun méjì sọ́tọ̀. Yìgì ni àdéhùn: ọkọ, ìyàwó tí ó gbà, wàlí rẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì, sọ̀dáàkí, àti ọ̀rọ̀ ìfifúnni òun ìtẹ́wọ́gbà. Wàlímà ni oúnjẹ ìdùnnú tí ó tẹ̀lé e. Ẹ ka àwọn tí a nílò fún yìgì lórí ìka yín, kí ẹ fi lémọ́mù kún un: wọn kò kún bọ́ọ̀sì kékeré kan. Nígbà tí ìjọba Èkó sọ ní ọdún 2020 pé ìpéjọ kò gbọdọ̀ ju ènìyàn 20 lọ, kò sí ohun kan tí òfin náà gbà lọ́wọ́ yìgì. Àríyá nìkan ni ó fọwọ́ kàn.

Ẹ gbọ́ ìtàn Abdur-Rahman ọmọ Awf, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́wàá tí wọ́n fún ní ìró ìdùnnú Àlùjánnà. Ó fẹ́ obìnrin kan nínú àwọn Ánsárì ní Mẹ̀dínà. Ànábì rí àmì àwọ̀ olóòórùn dídùn lára rẹ̀, ó béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ìgbà náà ni ó tó gbọ́ pé ó ti gbéyàwó. Ìlú kan náà ni wọ́n jọ ń gbé o! Ẹni tí ó lọ́lá jù lọ nínú ẹ̀dá kò sí níbi yìgì náà, kò bínú, kò ní wọ́n kò ka òun sí. Ó ṣe àdúà fún un, ó sì ní kí ó ṣe wàlímà, ìbáà ṣe pẹ̀lú àgùntàn kan. Ta wá ni àwa tí a ń di kùnrùngbùn sí ọ̀rẹ́ nítorí pé káàdì ìpè kò dé ọ̀dọ̀ wa?

Wàlímà Ànábì fúnra rẹ̀ nígbà tí ó fẹ́ Safiyyah, ojú ọ̀nà ni wọ́n ti ṣe é bí wọ́n ti ń ti Khaybar bọ̀. Wọ́n tẹ́ awọ sílẹ̀, kálukú mú ohun tí ó ní wá: dàbídù, wàrà gbígbẹ, òróró wàrà. Kò sí búrẹ́dì, kò sí ẹran. Ìgbéyàwó Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun sì nìyẹn.

ÈKEJÌ: ṢÉ ÌṢỌ́RA KÒ TAKO KÁDÀRÁ?

Ọ̀dọ́ kan lè wí pé, “Àáfà, ohun tí Ọlọ́hun bá kọ ni yóò ṣẹlẹ̀.” Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi àwọn tí ó mọ kádàrá jù wá lọ.

Ní nǹkan bí ọdún 18 lẹ́yìn Híjírà, Káálífà Umar ń lọ sí ilẹ̀ Ṣámù pẹ̀lú àwọn sàábé. Nígbà tí ó dé Sargh, àwọn ọ̀gágun wá sọ fún un pé àjàkálẹ̀ àrùn ti bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó pe àwọn Mùhájírúnà, ó bi wọ́n. Ẹnu wọn kò kò. Ó pe àwọn Ánsárì, bákan náà ni. Ó wá pe àwọn àgbà Kùráéṣì, wọ́n ní kí ó kó àwọn ènìyàn padà. Umar gbà. Abu Ubaydah bi í bóyá ó ń sá fún kádàrá Ọlọ́hun ni. Umar dá a lóhùn pé àwọn ń kúrò nínú kádàrá Ọlọ́hun bọ́ sínú kádàrá Ọlọ́hun. Ó fi darandaran ṣe àpẹẹrẹ: bí àfonífojì bá ní apá tútù àti apá gbígbẹ, apá tí ó bá da ẹran rẹ̀ sí, kádàrá ni.

Ta ni ó wá dé tí ó fi òpin sí àríyànjiyàn náà? Abdur-Rahman ọmọ Awf ni, ọkọ ìyàwó tí a sọ ìtàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan! Ó jẹ́rìí pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kí á má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn wà, kí ẹni tí ó bá sì wà níbẹ̀ má sá jáde. Umar dúpẹ́ fún Ọlọ́hun, ó yí padà. Ẹni tí ó kọ́ wa pé àgùntàn kan tó fún wàlímà, òun náà ni ó kọ́ wa pé a kì í ko ènìyàn lọ bá àrùn. Ẹ̀kọ́ méjèèjì kò tako ara wọn.

Bákan náà, nígbà tí ìkọ̀ Thaqif wá, adẹ́tẹ̀ kan wà láàárín wọn. Ànábì ránṣẹ́ sí i pé òun ti gba àdéhùn rẹ̀, kí ó máa padà lọ. Àdéhùn ẹ̀sìn pàápàá fìdí múlẹ̀ láìsí ìbọwọ́. Nínú Suratul Baqarah, ẹsẹ 195, Ọlọ́hun kọ̀ fún wa kí á fi ọwọ́ ara wa fa ìparun. Àwọn àgbà wa náà ní, “Àgbà tó rí ejò tí kò sá, ara ikú ló ń yá a.”

Ohun tí ojú rí ní ọdún 2020 sì fi ìdí ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀. Ní ìlú Irbid ní Jọ́dánì, tí ó wà lára ilẹ̀ Ṣámù àtijọ́, wọ́n ṣe ìgbéyàwó kan ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta. Nǹkan bí ènìyàn 350 ni ó péjọ. 76 ni ó kó àrùn. Bàbá ìyàwó tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Sípéènì dé ni wọ́n tọ ipasẹ̀ àrùn náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, ènìyàn 55 péré ni ó wá sí ìgbéyàwó kan. Àrùn tí ó ti ibẹ̀ jáde mú ènìyàn 177, ó sì pa 7. Nínú àwọn méje yìí, kò sí ẹnì kan tí ó wá sí ìgbéyàwó náà! Wọn kò jẹ níbẹ̀, wọn kò jó níbẹ̀, àwọn ni wọ́n sì san owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wí pé “ẹ̀mí mi ni mo fi ń wéwu” kò sọ òótọ́. Ẹ̀mí ìyá arúgbó tí ó wà nínú yàrá, tí kò mọ̀ pé wọ́n ń lu ìlù níbì kan, ni ó fi ń wéwu.

ÈKẸTA: Ọ̀RỌ̀ ORIN

Islam kò wí pé kí ìgbéyàwó dákẹ́ bí ilé ọ̀fọ̀. Nígbà tí Àíṣà sin ìyàwó kan lọ fún ọkùnrin Ánsárì, Ànábì béèrè bóyá kò sí ohun ìdárayá pẹ̀lú wọn, nítorí pé àwọn Ánsárì fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó Rubayyi' ọmọ Mu'awwidh, àwọn ọmọdébìnrin ń lu dùfù, wọ́n ń fi orin rántí àwọn bàbá wọn tí ó kú sí ogun Bádírì. Ànábì jókòó níbẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn wá kọrin pé Ànábì mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ lọ́la, ó dá a dúró níbi gbólóhùn yẹn nìkan, ó ní kí ó padà sí èyí tí ó ń kọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ronú sí i. Ànábì kọ̀ kí wọ́n yin òun kọjá ààlà. Lónìí, olórin yóò pe olówó ní ohun tí kò jẹ́, olówó yóò máa ná owó lé e lórí, iye tí ó ná yóò sì ju sọ̀dáàkí ìyàwó lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá. Àwọn onímímọ̀ yàtọ̀ síra wọn lórí ohun èlò orin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gbà ju dùfù lọ. Ṣùgbọ́n kò sí onímímọ̀ kan tí ó gba irọ́, ìnákúnàá àti ìpalára láàyè.

Ní àsìkò àjàkálẹ̀ àrùn, orin tún ní ewu tirẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń han gooro, ẹni méjì kò lè bára wọn sọ̀rọ̀ àfi kí wọ́n fi ẹnu kan etí, kí wọ́n sì pariwo. Ẹni tí ó ń kọrin tàbí tí ó ń pariwo ń tú èémí àti itọ́ jáde ju ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lọ. Wọ́n ń gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n rọ̀gbà yí olórin ká. Owó tí ó ti kan iwájú orí elégùn-ún òógùn, ọmọdé ni ó ń ṣà á nílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2020, ẹgbẹ́ akọrin kan ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà péjọ fi orin dánra wò fún wákàtí méjì àbọ̀. Àwọn 61 ni. Ẹnì kan nínú wọn ní àmì àìsàn bí òtútù lásán. Àwọn 53 ni wọ́n kà mọ́ ẹni tí àrùn mú, méjì sì kú. Orin ni tiwọn, kò sí ijó níbẹ̀.

ÈKẸRIN: “KÍ NI AYÉ YÓÒ WÍ?”

Èyí ni ó wúwo jù lọ́kàn ọ̀dọ́ wa. Ọmọbìnrin ń bẹ̀rù pé bí yìgì òun bá kéré, wọn á ní oyún ló wà níkùn òun. Ìyá rẹ̀ ń wí pé, “Mo ti jẹ ti gbogbo ayé, ìgbà wo ni wọn ó jẹ tèmi?” Ẹ má fi ìwọ̀sí dá ìyá lóhùn. Òótọ́ ni pé ó ti ra aṣọ ẹbí fún ogójì ọdún. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ wí pé: “Ìyá wa, àwọn tí ẹ jẹ tiwọn yẹn ni a kò fẹ́ pa.” Ẹ jẹ́ kí lémọ́mù àti àgbà ẹbí bá yín sọ ọ́. Ní ti oyún, oṣù mẹ́sàn-án a máa dá olófòófó lóhùn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tí ó burú jù: àwọn tí ó sún yìgì síwájú títí di ìgbà tí gbọ̀ngàn yóò ṣí, tí wọ́n sì ń wọlé tọ ara wọn nínú ọdún kan náà. Wọ́n fi harámù dúró de àríyá. Bí ẹ bá ti tó gbéra yín, ẹ so yìgì. Ẹ jẹ́ kí ijó dúró de yín.

ÌMỌ̀RÀN

Bí àrùn bá wà níta, ẹ ṣe báyìí. Ẹ so yìgì ní gbangba ojúde tí atẹ́gùn ń fẹ́, pẹ̀lú àwọn tí yìgì kò lè ṣe láìsí wọn. Ẹ fi tẹlifóònù kéde rẹ̀ fún ará àti ọ̀rẹ́, nítorí ìgbéyàwó kì í ṣe ohun ìkọ̀kọ̀. Ẹ se wàlímà, kí ẹ bù ú ránṣẹ́ sí ilé. Kí ẹ kọ́kọ́ bu ti tálákà, nítorí Ànábì bú oúnjẹ wàlímà tí wọ́n pe olówó sí tí wọ́n fi aláìní sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dùfù, àwọn ọmọbìnrin méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé tó, láìsí ẹ̀rọ. Ẹni tí ó bá ń wúkọ́ kí ó jókòó sílé, kí ọkọ àti ìyàwó má sì bínú sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti san àsansílẹ̀ fún alásè, onílù tàbí oníbùba, ẹ fi sùúrù bá wọn ṣe é. Iṣẹ́ òòjọ́ wọn ni àrùn náà gbà. Owó tí ó bá ṣẹ́kù, ẹ fi gba yàrá, ẹ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Nígbà tí àrùn bá sì lọ, ẹ bi ara yín: kí ni a pàdánù? Àwọn tí ó so yìgì pẹ̀lú ènìyàn mẹ́wàá ní ọdún 2020, ọmọ wọn ti ń lọ ilé-kéwú. Kò sí ẹni tí ó ń bi ọmọ náà pé olórin wo ni ó kọrin níjọ́ ìyàwó ìyá rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fún ẹni tí kò tíì ní ọkọ tàbí aya ní èyí tí ó dára. Kí Ó fi àlùbáríkà sí ilé àwọn tí ó ti gbéyàwó. Kí Ó dáàbò bo àwọn òbí wa lọ́wọ́ àrùn, kí Ó má jẹ́ kí ìdùnnú wa di ẹkún nílé ẹlòmíràn. Àmín.