ÀṢÀRÒ ÒWÚRỌ̀: TA LÓ MÁA SAN GBÈSÈ Ẹ̀SAN?

Bíbélì kíkà: 1 Sámúẹ́lì 25:9-38, Róòmù 12:17-21

 

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti wo fíìmù kung fu àwọn ará Ṣáínà rí. Ìtàn wọn kì í fẹ́ẹ́ yàtọ̀: wọ́n á pa bàbá ẹnì kan tàbí ọ̀gá rẹ̀, onítọ̀hún á lọ kọ́ ìjà, á sì padà wá gbẹ̀san. Tí ọ̀tá bá ti ṣubú báyìí, àwa tí à ń wò ó á pàtẹ́wọ́. Ó parí nìyẹn!

Ṣé ó máa ń parí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́? Ẹ wo Fist of Fury tí Bruce Lee ṣe lọ́dún 1972. Chen Zhen ló ń jẹ́ nínú rẹ̀. Ó gbọ́ pé májèlé ni wọ́n fi pa ọ̀gá òun, ló bá gbéra ìjà. Òun nìkan na odindi ilé ìkọ́jà àwọn ará Japan. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ pa olórí wọn, àwọn ará Japan ti wọ ilé ìkọ́jà tirẹ̀, wọ́n ti pa àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ṣẹ́. Òkú ló bá nílé. Ìbọn ló sì gbẹ̀yìn tirẹ̀ náà.

Ti Executioners from Shaolin, ọdún 1977, tún wá ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọdún ni bàbá fi kọ́ ìjà kó lè gbẹ̀san lára Pai Mei, síbẹ̀ Pai Mei pa á. Ìjà ló fi sílẹ̀ bí ogún fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ borí lóòótọ́, ṣùgbọ́n bàbá ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: àforóyaró kì í jẹ́ kí oró tán nílẹ̀.

Díẹ̀ ló kù kí Dáfídì náà kó sí i. Nábálì bú u, ó kó irinwó ọkùnrin tó di idà mọ́dìí, ó búra pé kò ní ku ọkùnrin kan nílé náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ ṣàkíyèsí nǹkan kan: ìránṣẹ́ Nábálì kan ti ń jẹ́rìí rere nípa Dáfídì nínú ilé yẹn. Òun náà ì bá bá a lọ! Ọpẹ́lọpẹ́ Ábígẹ́lì tó gbé oúnjẹ pàdé wọn lọ́nà, tó rán Dáfídì létí pé kò yẹ kí ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá jọba. Bí ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ dá ẹjọ́ Nábálì.

Ta ló ṣẹ̀ yín? Bóyá mọ̀lẹ́bí ló ta ilẹ̀ bàbá yín lẹ́yìn yín. Bóyá ẹni tí ẹ ṣe onídùúró fún ló sá lọ, tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń san owó náà. Bóyá ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ fi tú àṣírí rẹ̀ ti wà lórí fóònù yín, tó kù kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ dúró ná. Ta ló wà nílé rẹ̀ tí kò mọwọ́mẹsẹ̀? Nínú ilé tiyín, ta ni ẹ̀ṣẹ́ tó bá padà bọ̀ máa bà?

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò ní kí ẹ dákẹ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ fi ẹjọ́ sun àwọn àgbà ẹbí. Tó bá gba ọlọ́pàá tàbí ilé ẹjọ́, ẹ lọ. Róòmù 13 fi hàn pé Ọlọ́run ló fi àṣẹ ìdájọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó ń wá ẹ̀tọ́ ń fẹ́ kí òtítọ́ dúró. Ẹni tó ń gbẹ̀san ń fẹ́ kó dun ẹnì kejì. Ẹ̀yin lẹ mọ èyí tó wà lọ́kàn yín láàárọ̀ yìí.

Iṣẹ́ òní: Ẹ pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́ lórí fóònù. Ẹ dárúkọ ẹni náà níwájú Ọlọ́run.

Àdúrà: Bàbá, ó dùn mí, O sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo gbé ẹjọ́ yìí lé Ọ lọ́wọ́. Má jẹ́ kí n fi ìjà ṣe ogún fún àwọn ọmọ mi. Rán Ábígẹ́lì tèmi pàdé mi lọ́nà, kí n sì gbọ́ tirẹ̀. Lórúkọ Jésù. Àmín.

Ọjọ́ òní á san wá o. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí inú ń bí.