Ìpamọ́ Kásẹ́ẹ̀tì Àtijọ́

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí náà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ka ìwé yìí, bí o bá dé ilé bàbá àgbà rẹ, tí o sì bá àpótí kan tí ó kún fún kásẹ́ẹ̀tì fídíò, má ṣe yára rẹ́rìn-ín.

Mo mọ èrò ọkàn rẹ. Ìwọ tí o ń wo eré lórí fóònù yóò bi mí pé, èrè kí ni ó wà nínú àpótí eléruku? Ìbéèrè rẹ bá ọgbọ́n mu. Ọdún 1976 ni irú fídíò tí a ń pè ní VHS jáde láti ilẹ̀ Jàpáánì. Ní ọdún 2016, Funai, ilé-iṣẹ́ tí ó kẹ́yìn nínú ṣíṣe ẹ̀rọ rẹ̀, jáwọ́. Lónìí, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ bá bàjẹ́ yóò rìn jìnnà kí ó tó rí ẹni tí yóò tún un ṣe.

Ṣùgbọ́n rántí pé, nígbà tí owó náírà wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1986, tí fíìmù sì di ọ̀wọ́n gógó, orí kásẹ́ẹ̀tì ni ọ̀pọ̀ eléré Yorùbá sá lọ. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Túndé Kèlání ṣe ní ọdún 1993, wà lára irú eré bẹ́ẹ̀. Èyí gbajúmọ̀, olùtọ́jú rẹ̀ pọ̀. Èwo ni ti ẹgbẹ́ kékeré tí ó ti túká, tí olórí rẹ̀ ti kú, tí ẹnikẹ́ni kò sì da eré rẹ̀ kọ? Bí ẹ̀dà kan bá kù, ó lè jẹ́ inú àpótí tí o ń fi ṣẹ̀sín yẹn ni ó wà.

Ọ̀pọ̀ a máa wí pé kí a dà á kọ sínú ohun tuntun, kí a sì kó ti àtijọ́ dànù. Mo fara mọ́ apá kìn-ín-ní, n kò fara mọ́ apá kejì. Fóònù a máa bọ́ sómi. Ẹni tí ń dà á kọ a sì máa gé ibi tí ó rò pé kò wúlò: ariwo ọmọdé, ẹni tí ń kọjá lọ. Ẹni tí ń kọjá lọ yẹn lè jẹ́ bàbá rẹ.

Síbẹ̀, èmi kọ́ ni ó yẹ kí n bá ẹlòmíràn wí. Kásẹ́ẹ̀tì ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan wà lọ́wọ́ mi, nínú èyí tí ìyá mi ti ki oríkì ìdílé wa. Mo fi ọ̀rá wé e, mo tì í mọ́ inú àpótí fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì ń rò pé ọmọ rere ni mí. N kò wò ó lẹ́ẹ̀kan. N kò dà á kọ. Ìtọ́jú ni mo pè é, ìgbàgbé ni. Ohun tí ó wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kò ju ọ̀já tín-ín-rín lọ, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mìlímítà 13, tí a fi àtè lẹ ìyẹ̀fun òòfà mọ́ lára. Ooru a máa tú àtè náà, ọ̀rinrin a máa mú un bu, agbára òòfà a sì máa dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ìyá mi kú, a wá kásẹ́ẹ̀tì náà jáde. Àwòrán ń gbọ̀n bí ẹni pé òjò ń rọ̀ lé e lórí. Oríkì ti lọ. Ibì kan ṣoṣo tí a ti gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete ni ibi tí ó ti ń bèèrè bóyá ọmọ tí ń ya fídíò ti jẹun.