A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Yorùbá gbà pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bí ó ti wù kí ọmọ pọ̀ tó nínú agbo-ilé, àlejò kì í nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó máa pe ení, èjì, ẹ̀ta. Èèwọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rù lásán. Iṣu ni à ń kà, owó ni à ń kà. Ṣùgbọ́n ọmọ ní orúkọ, ó ní oríkì, ó sì ní ẹni tí ó bí i. Ẹni tí ó bá sọ ọ́ di iye ti yọ ọ́ kúrò nínú ènìyàn. Ǹjẹ́ bí ogun bá wá pa ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́? Ṣé kí a ka òkú ni, àbí kí a má kà á? Ìbéèrè yìí ni ìṣẹ̀lẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 2004 ní Côte d'Ivoire gbé ka iwájú ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ronú nípa ìwà ọmọ ènìyàn.

Orílẹ̀-èdè náà kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Ẹjìgbò àti ti àwọn ìlú mìíràn ti ń ṣòwò ní Abidjan, tí wọ́n sì ń bímọ síbẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì pín ilẹ̀ náà sí méjì. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ di Bouaké àti àríwá mú, ìjọba Laurent Gbagbo di gúúsù mú, àwọn ọmọ-ogun Faransé àti ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì dúró láàrin.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ọdún 2004, ìjọba da àdéhùn ìdáwọ́-ìjà-dúró nù, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ǹbù sí àríwá. Ní ọjọ́ 6 oṣù náà, ọkọ̀ òfurufú ogun Sukhoi ti ìjọba ju bọ́ǹbù lu àgọ́ àwọn ọmọ-ogun Faransé ní Bouaké. Ọmọ-ogun 9 àti ará Amẹ́ríkà kan kú. Kò pẹ́ kò jìnnà, Faransé ba àwọn Sukhoi náà jẹ́ ní Yamoussoukro. Ní Abidjan, a ké sí àwọn ọ̀dọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n pé kí wọ́n jáde. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, bí èrò ti ń wọ́ gba orí afárá lọ sí ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ni hẹlikọ́pítà Faransé ń yìnbọn láti dá wọn dúró. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni, ojú ogun mẹ́ta.

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Àwọn ọkọ̀ ogun Faransé wá dúró sí Hôtel Ivoire ní Cocody, létí ọ̀sà Ébrié, láti kó àwọn ará ìlú wọn jọ kí wọ́n lè kúrò ní ìlú. Ilé Ààrẹ kò jìnnà síbẹ̀. Èrò gbà pé Gbagbo ni wọ́n wá mú, wọ́n sì yí ibẹ̀ ká. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ìbọn dún, ènìyàn sì ṣubú.

Láti ìgbà náà ni ìjà iye ti bẹ̀rẹ̀. Ìjọba Côte d'Ivoire ní ènìyàn 57 ni ó kú ní àwọn ọjọ́ wọ̀nyẹn. Faransé ní wọn kò ju bí 20 lọ. Ẹni tí ó fẹ́ dá Faransé lẹ́bi di iye ńlá mú, ẹni tí ó fẹ́ dá a láre di iye kékeré mú, òkú sì di ẹrù lórí òṣùwọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Fallujah ní Iraq ni ojú ayé wà, níbi tí àwọn ọmọ-ogun Amẹ́ríkà ti ń bá ogun ńlá lọ. Ọdún méjì ṣáájú, ọ̀gágun Amẹ́ríkà Tommy Franks ti sọ ní Afghanistan pé àwọn kì í ka òkú. Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ lè rò pé èèwọ̀ Yorùbá ni ó ń pa mọ́. Ṣùgbọ́n àìkà méjì ni ó wà. Ọ̀kan ń bẹ nítorí pé ènìyàn ju iye lọ. Èkejì ń bẹ nítorí pé ẹni tí ó kú kò tó iye lójú ẹni tí kò kà á. Ọ̀wọ̀ ni ti àkọ́kọ́, ẹ̀gàn ni ti èkejì.

A lè sọ pé àwọn ọmọ-ogun tí ó wà ní Cocody ń gba ara wọn là ni. Òótọ́ ni pé ní àwọn ọjọ́ náà, a jalè nílé àwọn aláwọ̀ funfun, a dáná sun ilé-ẹ̀kọ́, a sì fipá bá obìnrin lò pọ̀. Kò yẹ kí a fi èyí pa mọ́, nítorí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Síbẹ̀, ìgbara-ẹni-là ń dáhùn ìbéèrè ẹ̀bi nìkan. Kò dáhùn ìbéèrè gbèsè. Awakọ̀ tí ọmọ já lu ọkọ̀ rẹ̀ lè máà jẹ̀bi rárá, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọmọlúàbí, kì í wakọ̀ lọ. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò gbé ọmọ náà, yóò sì béèrè ilé àwọn òbí rẹ̀. Bí a kò bá tilẹ̀ lè fi ìyà jẹ ẹni tí ó yìnbọn, ó ṣì jẹ àwọn òbí ní ìdáhùn.

Àwọn àgbà ní ikú ogun ní í pa akíkanjú. Akíkanjú mọ ikú tí ó fara mọ́ nígbà tí ó gbé idà. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbé ìbọn dání, irú ikú wo ni a ó pe tirẹ̀? Èdè fúnra rẹ̀ ń tú àṣírí. Bí ìkéde ogun bá ní "wọ́n kú," ìbánikẹ́dùn ló kù. Bí a bá ní "a pa wọ́n," ẹnìkan gbọ́dọ̀ dáhùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn alágbára fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Fún àwọn ọmọ-ogun 9 tí ó kú ní Bouaké, Faransé dáhùn. Chirac fúnra rẹ̀ dágbére fún wọn ní Invalides ní Paris ní ọjọ́ 10 oṣù náà. Ní ọdún 2021, ilé-ẹjọ́ kan ní Paris dá ẹ̀wọ̀n gbére fún awakọ̀ òfurufú kan láti Belarus àti ọmọ Côte d'Ivoire méjì, bí wọn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Ohun tí ó tọ́ ni a ṣe fún wọn. Àwọn tí a pa ní Cocody kò rí irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ gbà.

Nítorí náà, kí a ka òkú ogun, ṣùgbọ́n kí a kà wọ́n bí òbí ti ń ka ọmọ tirẹ̀: ní orúkọ, lọ́kọ̀ọ̀kan, títí yóò fi kan ẹni tí kò dé. Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò bọ̀ láti Hôtel Ivoire kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí 57 tàbí 20. Orúkọ kan ṣoṣo ni ó ń pè.